Ẹlẹ́rìí Tí Fádérera Mú Wá

Balógun Akínbọ̀dé gba kòtò amọ̀ tí Fádérera amọ̀kòkò jogún lọ́dọ̀ Ọ̀jẹ́dìran, baba ńlá rẹ̀. Níwájú ọba, ó ní kí obìnrin náà mú ẹlẹ́rìí tó wà láyé nígbà Ọ̀jẹ́dìran wá lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò nílùú. Fádérera ò bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Balógun, ó ní, "Baba, kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí ìyáálé ilé yín tó tẹ̀lé yín wá fi oríkì ìdílé yín kì yín, kí gbogbo wa gbọ́." Inú Balógun dùn. Fádérera tún bi í pé, "Ṣé kò sí irọ́ nínú ẹ̀?" Balógun fọwọ́ sọ̀yà, ó ní, "Irọ́ kẹ̀? Àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn ló fi lé wa lọ́wọ́!" Ni ìyáálé bá dìde, ó ń kì í bó ṣe máa ń kì í láràárọ̀ tí Fádérera ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri: "Ọmọ àlejò tó wọ̀lú lọ́sàn-án, ọmọ ẹni tó tọrọ amọ̀ lọ́wọ́ Ọ̀jẹ́dìran kó tó mọlé..." Balógun pariwo pé kó dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ọba yíjú sí i, ó ní, "Balógun, o ní kó mú ẹlẹ́rìí wá. Ṣé ti ilé rẹ yìí tó, àbí kó tún lọ wá òmíràn?"