Ìrẹsì Tó Dá Gbó

Ọkùnrin kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ìlú rẹ̀ rán lọ gbọ́ ìròyìn òjò. Ìrẹsì ni gbogbo wọn ń gbìn. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n máa ń gbìn ín, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n sì máa ń kórè. Bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí ẹni tó béèrè ìdí rẹ̀.

Ní ìpàdé náà, àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ sọ pé òjò ọdún yẹn yóò dá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú àkókò rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ fi ìrẹsì olóṣù márùn-ún sílẹ̀, kí wọ́n gbin olóṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì tètè gbìn ín. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n ní kí ó lọ kà á fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó jẹ ẹran wọn, ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọn, ó dúpẹ́, ó wọkọ̀.

Inú ọkọ̀ ló wà tó fi rò ó pé, bí gbogbo ìlú bá ní ìrẹsì, ta ni yóò wá ra ti òun? Ó ká ìwé náà, ó sì jókòó lé e.

Nígbà tó délé, wọ́n bi í pé, "Kí ni wọ́n wí?"

Ó ní, "Wọ́n ní òjò yóò rọ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ohun tí ọ̀pọ̀lọ́ ń sọ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ wọkọ̀ lọ gbọ́?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rín in.

Ó dá gbin olóṣù mẹ́ta tirẹ̀. Gbogbo irúgbìn tó lágbára láti rà ló dà sílẹ̀, kò ṣẹ́ ohunkóhun kù. Nígbà tí tiwọn ṣì jẹ́ ewé lásán, tirẹ̀ ti yọ orí. Òjò sì dá lóòótọ́, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá fún un gan-an. Ìrẹsì àwọn yòókù ń gbẹ lórí ìdúró, tirẹ̀ ń pọ́n, ó ń tẹrí ba.

Àwọn ẹ̀ga bá dé.

Ọdọọdún ni ẹ̀ga máa ń wá. Ṣùgbọ́n igba oko ló máa ń gbà wọ́n lálejò. Wọ́n á ṣa díẹ̀ níhìn-ín, wọ́n á ṣa díẹ̀ lọ́hùn-ún, olúkúlùkù á sì lé tirẹ̀. Lọ́dún yẹn, oko kan ṣoṣo ló gbó ní gbogbo agbègbè. Ẹ̀ga ìlú rẹ̀ wá. Ẹ̀ga ìlú kejì wá. Èyí tí kò mọ ọ̀nà oko rẹ̀ rí náà wá. Bó bá lu agolo lápá òkè, wọ́n á bà sí ìsàlẹ̀. Ó figbe ta. Àwọn aládùúgbò sáré wá, wọ́n bá a lé wọn títí ohùn fi há. Ní ọjọ́ kẹrin, koríko lásán ló kù.

Obìnrin tó bá a pààlà wo oko tirẹ̀ tó gbẹ, ó wo ti ọkùnrin náà. Ó ní, "Bàbá, kí ni wọ́n sọ gan-an ní ìpàdé yẹn?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ ọ́.

"Háà! Ká ní ẹ sọ fún wa ni, gbogbo wa là bá jọ bọ́ àwọn ẹyẹ yìí. Ohun tí wọn ì bá jẹ lóko yín kì bá tó igbá kan."

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi, ìtàn náà parí síbẹ̀. Bàbá tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, ẹ má wẹ̀yìn, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìròyìn òjò wọ fóònù yín láàárọ̀ yìí. Mo rí yín bí ẹ ṣe kà á, tí ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ẹ sì tì í bọ àpò. Ọ̀la ni gbogbo wa ń lọ ra irúgbìn. Bí ẹ bá dá mọ̀ ọ́n, ẹyẹ gbogbo agbègbè lẹ dá gbìn fún. Ẹ yọ fóònù yẹn jáde. Ẹ kà á sókè, a ti dákẹ́.