Bí Ìbídùn Ọmọ Ehoro Ṣe Jẹ́ Ìpè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó ré igi kọjá, kò bà lórí ọba, kò bà lórí ìjòyè. Orí Ìbídùn ọmọ Ehoro ló bà lé, òun àti Odídẹrẹ́ olùkọ́. Orin wà níbẹ̀ o. Bí mo bá ti pe orúkọ, kí ẹ máa gbè é pé, "Èmi rèé, kínrinjó." Ṣé ẹ ti gbọ́? Ó dáa.

Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹranko ní ilé-ìwé tiwọn lẹ́bàá odò, Ehoro bí ọmọbìnrin kan, ó sọ ọ́ ní Ìbídùn. Ọmọ náà ń ríran, ó ń gbọ́ràn, ó mọ ohun tó ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, ọrùn rẹ̀ a máa yí síhìn-ín, yí sọ́hùn-ún. Ara rẹ̀ kì í sinmi. Ẹsẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, á fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: kì! Bó bá jẹ́ rárá: kì-kì! Ìyá rẹ̀ gbọ́ èdè náà yékéyéké.

Àràárọ̀ ni Ìbídùn ń rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lọ sílé-ìwé. Á sáré tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọgbà, á sáré padà sílé, á tún sáré lọ. Lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Odídẹrẹ́. Ẹ sì mọ Odídẹrẹ́: ẹnu ni gbogbo ọlá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, olùkọ́. Ọmọ mi fẹ́ kàwé."

Odídẹrẹ́ kọjú sí ọmọ náà. "Kí lorúkọ rẹ?"

"Ìbídùn ni."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo bi, ìyá."

Ìbídùn fẹsẹ̀ janlẹ̀: kì!

"Kí nìyẹn?"

"Ó ń dá yín lóhùn ni."

"Ẹsẹ̀ ló fi ń dáhùn? Ẹnu là ń fi kàwé níbí. Ẹni tí kò bá lè jẹ́ ìpè kò lè jókòó."

Ehoro yí padà, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọ sí Odídẹrẹ́ lọ́kàn. Erin, olórí gbogbo ẹranko ìlú náà, ló ń fi oúnjẹ ọ̀sán ránṣẹ́ sílé-ìwé, ẹ̀pà sísè àti àgbàdo. Bí orúkọ bá ṣe pọ̀ tó nínú ìwé ni àwo oúnjẹ ń pọ̀ tó.

"Ẹ dúró ná, Ìyá Ìbídùn! Mo máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kó máa wá lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá jẹ́ ìpè, ọjọ́ náà ló wọlé."

Ehoro dúpẹ́ títí. Kò mọ̀ pé orúkọ ni wọ́n gbà, wọn ò gba ọmọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Odídẹrẹ́ ṣí ìwé, ó ń pe orúkọ:

Ọmọ Ìgalà dà o?
*Èmi rèé, kínrinjó.*
Ọmọ Òkété dà o?
*Èmi rèé, kínrinjó.*
Ọmọ Ọ̀yà dà o?
*Èmi rèé, kínrinjó.*
Ọmọ Ehoro dà o?

Rárá, ẹ dákẹ́! Ẹ má gbe ìyẹn. Kì! ni Ìbídùn fẹsẹ̀ jan.

"Mo ní ọmọ Ehoro dà?"

Kì! Ó jan án débi tí eruku sọ.

"Kò wá," ni Odídẹrẹ́ wí, ó fa ilà sínú ìwé. "Ìwọ, bọ́ síta."

Ìbídùn dúró lábẹ́ fèrèsé. Oúnjẹ ọ̀sán dé, Odídẹrẹ́ gbé àwo ọmọ Ehoro, ó jẹ ẹ́ wàmùwàmù. Bó ṣe rí lọ́la nìyẹn, bó ṣe rí lọ́túnla nìyẹn, títí oṣù mẹ́ta fi pé. Òòrùn ń pa á, òjò ń pa á, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ látìta. Bó bá délé, kò lè jókòó jẹun. Láti orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé orí ẹní. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fẹsẹ̀ gbá ìkòkò omi ìyá rẹ̀, ó fọ́ yángá. Ehoro gbọ́wọ́ sókè láti nà án. Ọwọ́ náà rọ, ó bú sẹ́kún.

"Ìbídùn, ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ ká fi ilé-ìwé yìí sílẹ̀."

Kì-kì!

"Wọn ò fẹ́ wa níbẹ̀, ọmọ mi."

Kì-kì! Kì-kì!

Ìyá nu ojú. "Ó dáa. Wàá lọ lọ́la."

Ọyẹ́ wá dé, ó fẹ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ohùn Àkànjí, ọmọ Ìgalà, há. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó yanu, hẹ́ẹ̀ ni ó dún.

"Kò wá," ni Odídẹrẹ́ wí. "Bọ́ síta."

Àkànjí bá Ìbídùn lábẹ́ fèrèsé. Oṣù mẹ́ta ni Àkànjí fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn méjèèjì yọjú: Odídẹrẹ́ rèé láàárín àwo méjì, ó ń jẹ tòsì, ó ń jẹ tọ̀tún.

"Ṣé bó ṣe ń jẹ tìẹ lójoojúmọ́ nìyí?" Àkànjí rọra ń sọ̀rọ̀.

Kì!

"Ṣé o bínú sí mi?"

Kì!

"Jọ̀ọ́, má bínú."

Ìbídùn sún díẹ̀ kí Àkànjí lè ráyè dúró níbi tí òòrùn ò dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ohùn híhá, Àkànjí lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ ohun tó rí fún àwọn ọmọ. Ilẹ̀ mọ́, Odídẹrẹ́ ṣíwèé. Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè!

Ọmọ Ìgalà dà o?
*Kì!*
Ọmọ Òkété dà o?
*Kì!*
Ọmọ Ọ̀yà dà o?
*Kì!*
Ọmọ Ehoro dà o?
*Kì!*

Inú bí Odídẹrẹ́. Bó ṣe rántí àwo ẹ̀pà, inú náà rọ̀. "Ẹnikẹ́ni nínú yín ò wá lónìí. Gbogbo yín, ẹ bọ́ síta!"

Wọ́n jáde. Ìbídùn ló ṣíwájú, wọ́n ń yí ilé-ìwé ká, kì, kì, kì, ilẹ̀ ń mì. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán dé, Odídẹrẹ́ nínú ilé ń palẹ̀ àwo mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ikùn rẹ̀ wú títí ìyẹ́ apá ò lè gbé e mọ́.

Lókèèrè, nínú oko, Erin gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó wá: gbì, gbì, gbì.

"Odídẹrẹ́, àwọn ọmọ dà?"

"Bàbá, wọn ò wá lónìí. Ẹ wo ìwé."

"Àwọn wo ni mo rí níta?"

"Wọn ò jẹ́ ìpè, Bàbá."

"Mo wà lóko, mo gbọ́ wọn. Ìwọ tó o dúró níwájú wọn, o ò gbọ́? Bí wọn ò bá sì wá, ta ló jẹ oúnjẹ?"

Èèpo ẹ̀pà ṣì wà lẹ́nu Odídẹrẹ́.

Erin tẹ̀ ba síwájú ọmọ Ehoro. "Ṣé o fẹ́ wọlé?"

Kì! Gbogbo ara rẹ̀ mì.

Erin ò tún bi í ní nǹkan mìíràn. "Wọlé, ọmọ mi."

Ó wá kọjú sí Odídẹrẹ́: "Láti òní lọ, ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ, wàá kọ́kọ́ tún un sọ, ká tó gbà pé o gbọ́." Ìdí nìyẹn tí Odídẹrẹ́ fi ń tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sọ títí dòní.

Ìbídùn wọlé, ó jókòó. Ara rẹ̀ ò sinmi síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á gbá síléètì ṣubú, ọmọ Òkété á mú un fún un, wọ́n á tẹ̀síwájú nínú ìwé kíkà. Kò sẹ́ni tó tún ní kó bọ́ síta.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu nìkan kọ́ là ń fi jẹ́ ìpè. Bí ọmọ kan bá wà láàárín yín tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe é bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ wá èdè rẹ̀, kí ẹ kọ́ ọ. Ẹni tó bá sì ń fi àìlera ẹlòmíràn wá oúnjẹ, àṣírí rẹ̀ á tú.

Ibí ni àlọ́ mi ti fẹ̀yìn lélẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ lù ú, kí ahọ́n mi wúwo títí dòwúrọ̀.