Ilẹ̀ Tó Bo Ilé

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn eré wíwa bàálù lórí kọ̀ǹpútà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó jẹun tán, a di ọ̀pá ìtukọ̀ mú, a sì máa fò láti ìlú dé ìlú láìkúrò ní pálọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ kú ìrìn o, bàbá oníbàálù. Búrẹ́dì tí ẹ rà bọ̀ dà?"

Eré náà ní àyè tí èèyàn lè kó àwòrán ibi tó bá wù ú sí. Ẹnì kan a ya pápákọ̀ òfuurufú, ẹlòmíràn a ya afárá, wọn a sì máa fi ránṣẹ́ síra wọn. Bí ìgbà tí a bá tẹ́ ẹní lórí ẹní ni wọ́n ṣe ń tò wọ́n. Èyí tó bá wà lókè ni ojú ń rí.

Ọkùnrin yìí ní àbúrò kan tó wà ní ìdálẹ̀. Wọ́n ti wó ilé bàbá wọn nígbà tí títì gba ibẹ̀ kọjá, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kan tó ṣẹ́ kù. Àbúrò jókòó ti iṣẹ́ náà fún oṣù púpọ̀, ó fi ohun tó rántí ya ilé yẹn: òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi fi han Màmá."

Inú ẹ̀gbọ́n dùn. Ó kó o sínú eré, ó pe ìyá wọn, ó fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó gbé bàálù dìde, ó forí lé ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, igbó ni wọ́n rí. Ó yí bàálù po, igbó náà ni. Ìyá bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó rọra nù ún, ó tún un wọ̀.

Ojú ti ọkùnrin náà gidigidi, ìtìjú sì di ìbínú. Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. "Ṣé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín lójú Màmá ni? Igbó lo fi ránṣẹ́ sí mi!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Kí lẹ tò sókè?"

"Èmi lò ń bi léèrè? Ṣé èmi àti ìwọ jọ ń ṣẹgbẹ́ ni?" Ó sì pa fóònù.

Ìgbà náà ni ìyá tó sọ̀rọ̀. "Ìbínú ò da nǹkan kan. Ọmọ yẹn bi ọ́ ní nǹkan, o ò dá a lóhùn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ṣí ibi tó to àwọn àwòrán sí. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú wọn ni àwòrán ilẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè, tòun ti igbó, odò àti òkè rẹ̀. Torí pé ó tóbi, ó ti gbé e sókè pátápátá. Ilé bàbá rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ látìgbà yìí. Ó gbé ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó gbé ilé lé e, ó tún eré bẹ̀rẹ̀, ó sì fò padà.

Òrùlé náà yọ. Ìyá na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi rèé. Pe ọmọ mi padà." Kó tó sọ ọ́ tán, ọkùnrin náà ti ń wá fóònù rẹ̀ kiri.

Ìwọ àgbà tó ń gbọ́ mi, ó pẹ́ tí o ti ń rojọ́ pé àbúrò rẹ kò ṣe nǹkan kan fún ọ rí. Ó ṣe é. Ohun tí o tẹ́ lé e lórí ni kò jẹ́ kí o rí i. Ipò àgbà tóbi, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ là ń tẹ́ ẹ sí, kí àwọn tó kéré lè rí ibi dúró lé. Àgbà tó bá gbé e sókè yóò fi bo ilé bàbá rẹ̀, yóò sì máa pariwo pé igbó ni. Lọ tún un tò. Àbúrò rẹ bi ọ́ ní nǹkan lọ́jọ́ sí, o kò tíì dá a lóhùn.