Bí Ìjàpá Ṣe Sàba Nídìí Igi Àtíòro

Àlọ́ o.
Àlọ̀.
Àlọ́ mi wọ igbó lọ, ó bá ilé kan tí kò nílẹ̀kùn. Ó bá Ìjàpá níbẹ̀, ẹni tó wọlé kó tó béèrè bí wọ́n ṣe ń jáde.

Ìdílé Àtíòro, ẹyẹ ẹlẹ́nu gbọọrọ, pọ̀ nínú igbó. Ẹlẹ́nu pupa wà, ẹlẹ́nu dúdú wà, àṣà kan náà ni wọ́n ń dá. Bí ìyàwó bá fẹ́ sàba, á wọ ihò igi, á fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, á ku ojú tóóró kan. Nígbà náà, ọkọ a máa ju oúnjẹ wọ ibẹ̀ láìwo inú. Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀, kí Àwòdì má baà gbọ́. Ẹnu ló fi ń kan igi: kó, kó, kó. Bí ọmọ bá tó jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ́ amọ̀.

Lọ́dún tí ọ̀dá mú, Ìjàpá rí èyí. Ó ní, "Ẹni tó jókòó ló ń jẹun, ẹni tó ń fò ló ń rù. Iṣẹ́ tó yẹ mí rè é."

Ó wọ ihò ìdí igi kan tí ìyàwó Àtíòro ń sàba lókè rẹ̀, ó fi amọ̀ dí ara rẹ̀ mọ́lé, ó ń fi karahun gbá igi: kó, kó, kó.

Àtíòro dé. "Ìyàwó mi, ìsàlẹ̀ lo sọ̀ kalẹ̀ sí? Òkè gbóná lóòótọ́." Ó da èso sínú ihò ìsàlẹ̀.

Ìyàwó ń kan igi lókè, ṣùgbọ́n ariwo Ìjàpá bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, òkè ò dún mọ́.

Lọ́jọ́ náà, èso gbígbẹ nìkan ni Àtíòro rí. Ìjàpá tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. "Baálé mi, ṣé irú ti àná ti tán ni?"

Àtíòro ní, "Aya mi kì í sọ̀rọ̀."

"Ebi ló là mí lóhùn."

Àtíòro fò lọ sókè. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń mí, díẹ̀díẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́ta, ẹyọ kan ló ṣẹ́kù. Ó bọ́ wọn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Nísàlẹ̀, Ìjàpá ń bẹ̀bẹ̀. "Àtíòro, jọ̀ọ́, wá bá mi fọ́ amọ̀ yìí. Ó ti gbẹ, n ò sì lẹ́nu gbọọrọ."

"Ẹni tó wà nínú ilé ló ń ṣí i. Àṣà wa nìyẹn. Ẹ kú ìsàba."

Òjò ọdún tuntun ló tó mú amọ̀ náà rọ̀. Ìjàpá wọ́ jáde, karahun ń mì lára rẹ̀ bí ẹ̀wù àyálò. Ọmọ Àtíòro tó kù ti ń fò nígbà náà. Ó kọjá lórí rẹ̀, kò kí i.

Ìdí nìyí tí Àtíòro akọ kì í fi ju oúnjẹ sínú ihò mọ́. Ẹnu aya rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ síta kó rí i. Ẹnu sí ẹnu ló ń fún un.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ẹ fi amọ̀ dí mi mọ́lé, kí ẹnikẹ́ni má gbé oúnjẹ wá.