Ààlè Tí Wọ́n So Mọ́ Òrúrù

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ kí wọ́n gé igi tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi síkàáwọ́ rẹ̀. Igi méjì ni obìnrin náà fi sílẹ̀ lóko, òrúrù kan àti apá kan, nígbà tí ó ń lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tí ó bímọ.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi fi ààlè sí wọn kí n tó dé."

Òrúrù yọ òdòdó pupa, ó ń tàn bí ẹyin iná. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Òdòdó apá kéré ní tirẹ̀, inú ewé ló ń sá sí. Àfi kéèyàn gbóòórùn rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ti tanná. Ọkùnrin náà ní ohun tó bá dára lolè ń jí. Ó so àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín mọ́ òrúrù. Kò so nǹkan kan mọ́ apá.

Àwọn onígẹdú dé, wọ́n rí ààlè, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Baba, ta lẹ ń lé? Òrúrù tó fúyẹ́ bíi kànìnkànìn, tó ń hù kiri bí èpò! Ta ni yóò fi là pákó?"

Apá ni wọ́n gé. Pákó rẹ̀ le, ikán kì í jẹ ẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi gé e tán nínú igbó, tó fi ku ẹyọ kan yìí. Ohun tí kò sì ní ààlè, aráyé gbà pé kò lólúwa. Ọkùnrin náà yà fún wọn.

Obìnrin náà dé, ó bá kùkùté.

"Ìyàwó wa, mo ṣáà pa èyí tó rẹwà mọ́."

"Ọkọ mi, èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ lẹ ṣọ́."

Ojú ti ọkùnrin náà débi tí kò lè wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó ń tú ewé gbígbẹ, bóyá yóò rí èso kan tí yóò gbìn. Òdòdó nìkan ló rí. Wọn ò jẹ́ kí igi náà so.

Ìwọ olórí ilé, ọmọ rẹ tí aráyé ń yìn lo fi ààlè yí ká. Èyí tó dákẹ́, tí gbogbo ilé ń rán níṣẹ́, tí gbogbo ẹbí ń bù lò, o ní kò sí ohun tó ń ṣe é, ara rẹ̀ le. Líle tó le náà ni wọ́n ṣe ń gé e!

Má wulẹ̀ mi orí sí mi. Ta lo so ààlè mọ́? Dá mi lóhùn.