Ọdún Tí Ẹ̀fọn Gbógun Wọ Olókùúta

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ ọmọ, ẹ̀yin ìyá tí ẹ fi ẹ̀yìn gbé ọjọ́ iwájú pọ̀n, ẹ̀yin baba tí ẹ jókòó yí mi ká bí ẹni ń yáná lọ́jọ́ ọyẹ́, mo kí yín o. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìfẹ́, ẹ kú àpéjọ. Ẹsẹ̀ tí ó gbé yín wá kò ní kọ, ilé tí ẹ fi sílẹ̀ kò ní dàrú. Èmi ni Ọdẹ́sanmí, ọmọ Ọdẹ́lékè, ọmọ Olókùúta, ìlú tí òkè gbá mọ́ra bí ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ tí ó sọnù. Ọmọ ibẹ̀ ni mí lánàá, ọmọ ibẹ̀ ni mí lónìí, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì sin mí sí.

Wọ́n sọ fún mi pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti wọ àwọn ìlú tí ó yí wa ká, àti pé nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ojúde ọba, ẹ̀yìnkùlé ni púpọ̀ nínú yín gbà sá lọ. Mo gbọ́ pé ẹnì kan tilẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí ni ẹ̀fọn jámọ́, àtẹ́lẹwọ́ lásán ló ń pa á. Ọmọ mi, o kò jẹ̀bi. Ojú tí kò rí ibi kì í mọ ibi. Jókòó dáadáa, kí n sọ ohun tí ojú tèmi rí fún ọ.

Ẹ̀yin kò bá Olókùúta àtijọ́. Ibi tí ilé epo wà lónìí yẹn, ibẹ̀ ni Igbó Ẹdun ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, igbó tí ó dí títí tí oòrùn fi ń tọrọ àyè kí ó tó wọlé. Bí ẹ bá jí ní òwúrọ̀, òórùn ewé tútù ni yóò kọ́kọ́ kí yín kí ìyá yín tó kí yín. Nígbà àgbálùmọ̀, àwọn ẹdun á máa fo láti orí igi dé orí igi nínú aṣọ dúdú àti funfun wọn, bí àwọn ìjòyè tí ń lọ síbi ìwúyè, wọn á máa ju èso sílẹ̀, àwa náà á máa ṣà á. Ẹ̀rín tí mo rín nínú igbó yẹn, n kò rí irú rẹ̀ rín mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀rẹ́ mi ni Ògúnmọ́dẹdé. Ọdẹ ni òun náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ pọ̀ ju ìbọn rẹ̀ lọ. Bí ó bá ń sun ìjálá, ẹran tí ó yẹ kí ó sá á dúró gbọ́. Ẹsẹ̀ wa kì í yà lójú ọ̀nà oko. Bí ẹ bá rí èmi, ẹ ti rí òun. Iṣu sísun kan náà là ń já sí méjì. Háà, ayé ti lọ jìnnà!

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, òjò pọ̀, àwọn agégẹdú sì wá láti ìlú òkèèrè, wọ́n wọ inú Igbó Ẹdun lọ láti gé igi. Kò pẹ́ tí àìsàn fi bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Ara ẹni á gbóná bí ààrò amọ̀kòkò, ẹ̀yìn á máa ro ó bí ẹni tí wọ́n fi olórí odó lù, ojú rẹ̀ á pọ́n bí àgbálùmọ̀ tí ó gbó, èyí tí tirẹ̀ bá sì le á máa bì dúdú. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti bọ́ sí ilé tí wọ́n dé sí, láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí àdúgbò. Igbe ẹkún kò kúrò lẹ́tí wa mọ́.

Ọba pe gbogbo ọdẹ, ó ní, "Inú Igbó Ẹdun ni ibi yìí ti wá. Àwọn ẹdun ni ó ń kó o ràn wá. Ẹ lọ, ẹ pa wọ́n tán, kí ìlú ó lè sinmi."

Mo dé ilé, mo ń kó ẹ̀tù sí àpò, ni ìyàwó mi Àwẹ̀ró dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rántí pé ìbejì ni Àwẹ̀ró bí fún mi, ẹni tí ó bá sì bí ìbejì, ìbátan ẹdun ni.

"Baba Táyé," ó ní, "ẹdun ni ẹ fẹ́ lọ pa?"

"Ọba ni ó rán mi, Àwẹ̀ró. Orí wo ni n ó fi kọ̀?"

"N kò ní kí ẹ kọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó ná, kí ẹ tó yìnbọn."

Èmi àti Ògúnmọ́dẹdé ni a ṣíwájú àwọn ọdẹ yòókù. Oòrùn ti yọ gan-an nígbà tí a wọ inú igbó náà, ṣùgbọ́n igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹyẹ kò ké, ẹ̀ka igi kò mì. Nígbà tí a rìn síwájú díẹ̀, a rí ẹdun kan nílẹ̀, a rí òmíràn, a sì rí ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ṣì dì mọ́ ọn láyà, àwọn méjèèjì ti kú. Kò sí ojú ọta lára wọn. Ẹdun tí kì í tẹ ilẹ̀ wá já bọ́ lórí igi bí èso. Ògúnmọ́dẹdé ṣí fìlà lórí, ó jókòó sórí gbòǹgbò.

Ìgbà náà ni ẹnì kan kí wa pé, "Àrìnpa o, Baba ìbejì."

Mo wẹ̀yìn, mo rí ẹdun àgbàlagbà kan tí ó fẹ̀yìn ti ìrókò. Obìnrin ni, irun funfun tí ó bò ó léjìká dà bí aṣọ àlà, ojú rẹ̀ sì pọ́n rẹ̀súrẹ̀sú. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí àgbà ni àgbà ń jẹ́, ìbáà jẹ́ lórí igi.

"Bí ó bá jẹ́ àtipa wá ni ẹ bá wá," ó ní, "ẹ ti pẹ́. Ẹlòmíràn ti bá yín ṣe é."

"Ìyá, ta ni ó pa yín?"

Ó la ẹnu, òùngbẹ ti gbẹ ohùn mọ́ ọn lọ́fun, kò lè gbé e sókè, kò sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni ẹfọ̀n, ẹranko oníwo tí í fi ìbínú ṣe oúnjẹ. Inú mi dùn díẹ̀, nítorí mo ti pa ẹfọ̀n rí. Ìyá na ọwọ́ sí igi àràbà kan tí ó ní ihò níkùn, ó sì ń mi orí sí wa, ikọ́ kò jẹ́ kí ó sọ ìyókù. Èmi ki ìbọn mi, ó di ìdí àràbà.

Òjò ti kún inú ihò igi náà, omi rẹ̀ dúdú bí aró. N kò rí ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n kankan. Ohun kan fò jáde láti inú ihò, ó tóbi tó àwòdì, ara rẹ̀ dúdú, funfun ṣe ìlà-ìlà sí i lẹ́sẹ̀ bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ilé-ìwé, ẹnu rẹ̀ sì gùn bí ọ̀kọ̀. Ó bà sórí ẹ̀ka, ó ń kọrin yìn-ìn-ìn.

"Ẹ káàbọ̀, baba ọdẹ," ó ní. "Ẹran wo ni ẹ ń wá?"

"Ẹfọ̀n ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń gbọ̀n. "Ẹ ṣì í gbọ́. Ẹ̀fọn ni mí, èmi ìyá gbogbo ẹ̀fọn. Ẹni tí ó ní ìwo kọ́ ni ó pa àwọn aládùúgbò yín, èmi tí mo ní ẹnu ni."

Ògúnmọ́dẹdé ní, "Kí ni wọ́n fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Wọn kò ṣẹ̀ mí. Alájàpá ni èmi. Ibi tí mo ti rà kọ́ ni mo ti ń tà. Mo mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà wà lára rẹ̀, mo gbé e lọ sára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹdun ni mo kọ́kọ́ bá ná an. Nígbà tí agégẹdú dé, mo bá òun náà ná an, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ọjà mi dé Olókùúta. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ mi ni ó ti ń dúró dè é níbẹ̀."

"Irọ́!" mo pariwo. "Ta ni ó gbà wọ́n sílé ní Olókùúta?"

"Ẹ̀yin ni. Ta ni ó gbé ìkòkò òjò sílẹ̀ láìdé e? Ta ni ó da ìkarahun ìgbín àti agolo sẹ́yìn ilé kí òjò lè rọ sí i? Omi tí kò tó ológbò í lá, ilé alárinrin ni fún àwọn ọmọ mi. Ọ̀sán gangan ni a ń jẹun, ẹ̀yin a sì máa rò pé alẹ́ nìkan ni ẹ̀fọn ń jẹni."

Inú bí mi, mo yìnbọn lù ú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ìbọn fẹ́ fi ẹ̀fọn ṣe? Bí ọta ti bà á ni ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan di ẹ̀fọn kékeré, ojú ọ̀run ṣú. Wọ́n rọ́ bò wá. Ògúnmọ́dẹdé bọ́ gbẹ̀rì, ẹ̀wù ọdẹ ọrùn rẹ̀, ó fi bò mí mọ́lẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi ìhòòhò ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Mo ń jà kí n jáde, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. "Ìwọ ni o ní ọmọ ọwọ́," ó ń wí, "dúró jẹ́ẹ́."

Ìyá ẹdun ni ó gbà wá. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ibi tí efinrin hù sí, ó já a, ó ń rún un mọ́ ọwọ́, ó ń jù ú lù wá títí òórùn rẹ̀ fi lé wọn sẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní agbára mọ́.

"Sọ fún ọba rẹ," ó ní, "àwa kọ́ ni a kó ikú wá. Àwa ni a kọ́kọ́ ń kú u. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ẹdun tí ó já bọ́, ẹ má ṣe gbé ìbọn. Ilé ni kí ẹ sáré lọ, kí ẹ lọ dé ìkòkò yín."

Ó di ojú, kò sì là á mọ́. Efinrin tí ó kù ní ọwọ́ rẹ̀ ni a fi bò ó.

Nígbà tí mo ro ẹjọ́ ní ààfin, àwọn ìjòyè ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀fọn kẹ̀? Ọdẹ yìí ti mu ẹmu." Kí n tó dáhùn ni Àwẹ̀ró, tí mo ti kọ́kọ́ ro ó fún nílé, wọlé, igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọba.

"Kádé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ìkòkò òjò tí mo jogún lọ́dọ̀ ìyá mi ni mo ti bu omi yìí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti ń mu. Ẹ wo inú rẹ̀."

Ọba tẹ̀ wò ó. Tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn tí kò tíì hu ìyẹ́, kún inú omi náà, wọ́n ń jó wéréwéré. Ọba gbé igbá náà padà fún un. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ lọ dá àwọn ọdẹ padà."

Ọjọ́ náà gan-an ni ọba ránṣẹ́ sí ìjọba. Àwọn wòléwòlé dé, àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Àwẹ̀ró ni ó kọ́kọ́ da omi òjò rẹ̀ nù, ó fọ ìkòkò náà, ó sì fi aṣọ dé e lẹ́nu. Ẹkún ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é, ó ní ó dà bí ẹni pé òun ń da ogún ìyá òun nù. Gbogbo obìnrin àdúgbò ṣe bíi tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibà ti mú Ògúnmọ́dẹdé. Nọ́ọ̀sì ní kò sí oògùn tí ó ń pa á lára ẹni tí ó bá ti mú, bí kò ṣe ìtọ́jú àti omi mímu, kí a sì ta àwọ̀n bò ó tọ̀sán-tòru. Mo jókòó tì í.

"Ọdẹ́sanmí," ó ní nínú àwọ̀n, "o dè mí mọ́lẹ̀ bí ẹja. Ṣé wọn kò tíì jẹ mí tó ni?"

"Nítorí tìrẹ kọ́," mo ní. "Bí ẹ̀fọn bá tún jẹ ọ́, ó lè ti ara rẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ àti àwọn ẹbí rẹ."

Ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn ará ilé rẹ̀ jókòó sí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Nígbà náà," ó ní, "wá ki etí àwọ̀n yìí bọ abẹ́ ẹní dáadáa."

Mo ki etí àwọ̀n náà bọ abẹ́ ẹní. Inú àwọ̀n náà ni ó kú sí ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, kò sì sí ẹnì kan nínú agbo ilé rẹ̀ tí ibà náà mú lẹ́yìn rẹ̀. Àwa ọdẹ sun ìrèmọ̀jé fún un títí ọ̀fun wa fi há. Ìgbà tí ó yá, àìsàn rọlẹ̀ ní Olókùúta. Igbó Ẹdun kò padà bọ̀ sípò. A gé e, a kọ́lé sí i. Àwẹ̀ró náà ti re ibi àgbà ń rè. Èmi nìkan ni ó kù tí ó mọ bí ìlú yìí ti dùn tó nígbà tí àwọn wọ̀nyẹn wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ má fi ojú kékeré wo ohun kékeré, ẹ má sì fi ìbọn lé ohun tí ìgbálẹ̀ lè lé. Ẹni tí ó bá ṣàìsàn nínú yín, ẹ má sá fún un. Ẹ ta àwọ̀n bò ó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìfẹ́ ẹnìkejì ni kí ó gbé yín dé ojúde ọba lọ́la láti gba abẹ́rẹ́, bí ìfẹ́ ti ara yín kò bá gbé yín débẹ̀.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín, ẹ máa lọ ní wẹ́rẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé yín yíká kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ ti pé jókòó lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ pé dìde, bẹ́ẹ̀ ni kí òjò tí ń bọ̀ bá gbogbo yín láyé. Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi.