Ọkùnrin Tó Dúpẹ́ Lórí Iyùn Funfun

Ọkùnrin kan wà tí kò gbà pé ó yẹ kí ènìyàn fi owó ra ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Òun ló kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Òun ló kan àga tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àga náà wó pẹ̀lú àna rẹ̀ lórí, ó yẹ àga wò, ó yẹ àna wò, ó sì ní kò sí àléébù lára àga.

Mò ń sọ èyí kí o lè mọ irú ẹni tó jẹ́. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ènìyàn kò sọ ọ́ tó.

Ọkùnrin yìí ní ọmọbìnrin kan, Ìbíwùmí, tó ń kọ́ nípa àwọn ohun abẹ̀mí inú òkun. Ọmọ náà ń sin iyùn. Kì í ṣe iyùn tí ọba ń fi sọ́rùn. Èyíinì ti kú kó tó dé ọrùn ọba. Iyùn ààyè ni mò ń wí, èyí tó ń jẹun, tó ń dàgbà, tó sì ń na àwọn ọwọ́ tín-ín-rín jáde bí irun orí ọmọ tuntun. Inú àpótí gíláàsì ńlá kan tó kún fún omi iyọ̀ ló kó wọn sí, pẹ̀lú ẹja kékeré kan tó ń bá wọn gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéré bí èékánná ló ti ń tọ́ wọn, títí wọ́n fi tó ìkúùkù. Àwọ̀ wọn kò jọra. Ọ̀kan pupa bí epo tó ti dì. Òmíràn rí bí ewé tó fẹ́ gbẹ. Òmíràn sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ bà.

Iṣẹ́ gbé ọmọ náà lọ sójú òkun, nínú ọkọ̀ tí yóò pẹ́ kó tó gúnlẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ tó mọ̀ nípa iyùn. Kò gbé e fún wọn. Ó gbé àpótí náà wá sílé bàbá rẹ̀, ní ìlú tó jìnnà sí òkun débi pé ẹja yíyan ni àwọn ará ibẹ̀ fi mọ̀ pé òkun wà.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ọwọ́ yín kì í ba nǹkan jẹ́. Èyí tó bá kú nínú wọn, mi ò lè rí irú ẹ̀ mọ́."

Bàbá ní, "Ṣé èmi ni wàá tún máa bẹ̀?"

Ọmọ náà lọ.

Iná tó gbé ka orí àpótí náà kò tẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Ó ṣókùnkùn, ó sì ní àwọ̀ aró. Bàbá ní ó jọ iná ilé ọtí. Ó ní òun kò lè jókòó sí pálọ̀ ara òun kí àlejò wọlé kó máa rò pé òun ń dúró de ìgò. Nítorí náà ó pinnu pé òun fúnra òun ni yóò ṣe iná fún àwọn iyùn náà.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn: iṣẹ́ náà dára. Ó ra àwọn iná LED wẹ́wẹ́ tó kéré bí ẹ̀gúsí, funfun àti búlúù. Ó wá irin kan tó ní eyín bí òòyà, tó yọ lára ẹ̀rọ agbóhùnjáde àtijọ́, kó lè máa gba ooru lára wọn. Ó to àwọn iná náà sórí irin yìí lẹ́sẹẹsẹ. Ó fi òjé yíyọ́ lẹ wáyà wọn pọ̀. Ó so fáànù kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà jóná. Ó tún fi kókó kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí a ń yí lára rédíò, èyí tí yóò máa dín iná náà kù tàbí kó fi kún un. Nígbà tó parí gbogbo rẹ̀, ó yí kókó náà títí kò fi yí mọ́. Ó sì mú ọwọ́ kúrò.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó fi apá bo ojú.

"Bàbá Wùmí, kí lèyí?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni."

"Kókó yìí ńkọ́, kí ló wà fún?"

"Láti fi kún un."

"Ṣé kò tíì kún ni?"

"Ó ti kún."

"Iṣẹ́ wo ló wá kù fún kókó?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Bí iṣẹ́ ẹni bá parí, a máa ń sinmi."

Kò pẹ́ tí ẹja kékeré náà fi wọ abẹ́ òkúta lọ. Kì í jáde mọ́ àfi bí oúnjẹ bá dé. Ìyàwó ní ẹja ń sá. Ọkọ ní ìtìjú ni. Ó ní ẹni tó ti pẹ́ nínú òkùnkùn, ojú gbọ́dọ̀ tì í díẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá dé.

Lẹ́yìn náà àwọn iyùn ká ọwọ́ wọn sínú. Tẹ́lẹ̀, bí ìyàwó bá da oúnjẹ sómi, gbogbo wọn a máa nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. Ó wá ń da oúnjẹ sí i, kò sí èyí tó nawọ́.

"Bàbá Wùmí, wọn ò jẹun mọ́ o."

"Wọ́n ti ní ìtẹ́lọ́rùn."

"Iyùn?"

"Ẹlòmíràn náà lè fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe."

Ìyàwó dé ike oúnjẹ náà padà. Ó ti bá a gbé pẹ́.

Nígbà tó yá, àwọ̀ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn tí wọ́n gbàgbé. Ọkùnrin náà ń wò wọ́n, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ìdọ̀tí ló ń kúrò lára wọn. Ó ní láti ọjọ́ yìí, ńṣe ni ọmọ òun kàn ń rẹ wọ́n sómi, kò wẹ̀ wọ́n. Nígbà tó ṣe, gbogbo wọn funfun láúláú. Wọ́n ń dán nínú omi bí eyín ẹni tó mọ pákò í rin.

Má rẹ́rìn-ín. Kí ni a fi ń mọ ohun tó mọ́ nílẹ̀ wa? Bí aṣọ bá funfun, a ní ó mọ́. Bí ènìyàn bá dára, a ní inú rẹ̀ funfun. Ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà ṣìnà, òun kọ́ ló là á. Gbogbo wa ni à ń gbà á.

Ó pe àwọn ènìyàn sí ìdúpẹ́. Ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Alága ẹgbẹ́ onílé wá. Díákónì kan wá. Ìyá alágbàfọ̀ tó ń gbé lódìkejì wá, ó sì pẹ́ lórí ìdúró níwájú àpótí náà ju gbogbo wọn lọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ wo lẹ lò?"

"Iná ni."

"Iná nìkan? Kò sí búlúù kankan níbẹ̀?"

"Búlúù díẹ̀ wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni ìyá náà wí.

Alága ní òun ti pẹ́ ní àdúgbò náà, òun kò sì tíì rí ohun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, pàápàá jù lọ ní àdúgbò náà. Díákónì wá ẹsẹ Bíbélì tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Kò pẹ́ tó fi rí i. Wọ́n pọ̀.

Bí wọ́n ti fẹ́ gbàdúrà ni fóònù dún. Ìbíwùmí ni. Ọkọ̀ wọn ti gúnlẹ̀ sí èbúté kan, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè pe ilé. Ojú rẹ̀ hàn lórí fóònù. Bàbá ní Ọlọ́run ló mú un pè lásìkò.

"Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Àwọn iyùn mi ńkọ́?"

"Wọ́n mọ́."

"Wọ́n mọ́ báwo?"

"Wọ́n mọ́ ju bí o ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Jókòó ná. Ṣé o ti jókòó?"

Ó yí ojú fóònù sí àpótí náà.

Ọmọ náà sún mọ́ fóònù, ó wò ó. Wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ tó ń sunkún. Díákónì ní ẹkún ayọ̀ ni. Alága lé orin, àwọn yòókù gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ọmọ náà sì ń sunkún láàárín wọn nínú fóònù. Bàbá rẹ̀ gbé e sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò kọrin. Ìyá mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná." Wọ́n dákẹ́.

"Wùmí, kí ló dé?"

"Màmá mi, ebi ni. Ebi ló ń pa wọ́n."

Bàbá ní, "Ebi kẹ̀? Àwa tí à ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Bàbá mi, àwọ̀ tẹ́ ẹ rí lára wọn nígbà tí mo gbé wọn wá, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ ni, inú ara wọn ló ń gbé, òun ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣàdédé pọ̀ jù, á di oró sí wọn lára, wọ́n á sì lé ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn jáde. Ara tiwọn ò ní àwọ̀ kankan. Funfun tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, egungun ni. Egungun wọn lẹ̀ ń wò."

Ìyá alágbàfọ̀ da ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

Ọkùnrin náà ní, "Ṣé wọ́n ti kú ni?"

"Wọn ò tíì kú. Wọ́n ń kú lọ ni."

Ó wo iná tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó nawọ́ sí wáyà rẹ̀ láti fà á já. Ọmọ rẹ̀ rí i láti inú fóònù, ó kígbe.

"Ẹ má fà á já, Bàbá mi! Bó bá ṣókùnkùn, wọ́n á kú náà ni. Iná yẹn dáa. Mo rí i pé ẹ ṣe é dáadáa. Ó kàn pọ̀ jù ni. Ṣé kò ní ohun tẹ́ ẹ lè fi dín in kù ni?"

Gbogbo ojú lọ sí ara kókó náà. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kò sọ nǹkan kan, nítorí mo mọ àwọn ènìyàn mímọ́ tí wọn ì bá sọ ọ́.

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan kókó, ó rọra yí i wálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ dín kù, ó dín kù, títí pálọ̀ fi di àwọ̀ aró. Àwọn àlejò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Díákónì ṣe àdúrà kúkúrú, èyí tí kò wọ́pọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti ń jókòó sínú iná ilé ọtí ní pálọ̀ rẹ̀. Ó ń wò wọ́n. Èyí tó pupa bí epo kú. Ewédò hù bò ó. Òun ni ọmọ náà kọ́kọ́ sìn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló pè é láti sọ fún un, kò gbé iṣẹ́ náà fún ìyàwó. Àwọn yòókù kò kú, wọn kò sì yè. Wọ́n kàn funfun.

Ní òwúrọ̀ kan, ìyàwó rẹ̀ ń da oúnjẹ sómi, ó tẹjú mọ́ ọ̀kan nínú wọn.

"Bàbá Wùmí, nǹkan ti ta sí èyí lára."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì. Ní ìsàlẹ̀ iyùn náà, àwọ̀ kan wà níbẹ̀, ó rí bí àbàwọ́n tíì lára aṣọ àlà. Kò lẹ́wà rárá. Ìyá alágbàfọ̀ ì bá ti nawọ́ sí ọṣẹ. Ọkùnrin náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà fún un. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, mo ti gbọ́ ohun tí o bá wá. O ní ọmọ rẹ ọkùnrin máa ń jiyàn tẹ́lẹ̀. O ní ó máa ń béèrè ìdí lórí gbogbo nǹkan, ó máa ń kọrin ní balùwẹ̀ bí ẹni tó ń sanwó ilé. O ní o wá jókòó tì í, o tọ́ ọ sọ́nà láàárọ̀, o tọ́ ọ sọ́nà lálẹ́, kò sí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kan tí ojú rẹ kò tó. Ní báyìí, o ní kì í jiyàn mọ́. Ó ń wí pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" kí o tó sọ̀rọ̀ tán. Bí o bá wọ pálọ̀, á bọ́ sí yàrá. Oúnjẹ tó ń jẹ kò pọ̀. O pè é ní ìtẹríba. O ní kí n wá bá ọ dúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

N kò ní wá.

O ti pa òwe ọmọ tí a kò kọ́ fún mi. Mo mọ òwe náà kí wọ́n tó bí ọ. Kò sí ibi tó ti sọ pé kí o yí i títí kò fi yí mọ́. N kò ní kí o má tọ́ ọmọ rẹ. Ọmọ tó bá wà nínú òkùnkùn, a máa kú náà ni. Iná rẹ dára, ọ̀gbẹ́ni. Ó pọ̀ jù ni. Lọ sílé lónìí kí o yí i wálẹ̀.

Kò ní dùn mọ́ ọ. Ilé yóò kọ́kọ́ dà bíi pé o kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà kò sì ní gbà ọ́ gbọ́ kíákíá. Yóò ṣì máa ṣe "bẹ́ẹ̀ ni, sà" fún ọ, nítorí kò tíì mọ̀ bóyá ńṣe ni o kàn ń sinmi. Má jókòó tì í pé kó sọ tinú rẹ̀. Ìyẹn náà, iná ni.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó jọ máa jẹun. Ìwọ yóò máa sọ ìtàn bí o ṣe gbọ́n tó nígbà èwe rẹ. Yóò gbójú sókè nínú àwo, yóò ní, "Rárá, Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀." Kò ní dùn létí rẹ. Má wo ìyá rẹ̀. Má wúkọ́. Mú ẹran tó tóbi jù nínú àwo rẹ, fi sínú tirẹ̀, kí o sì bi í léèrè bó ṣe rí.